Òṣó Níwájú Ilé Onígíláàsì

Ọmọ òṣómàáló ni mí, ní Òkèsà, Iléṣà.
Bàbá mi àgbà ru aṣọ àwìn dé Kàbà,
ọjọ́ owó bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè:
"Òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi."
Kì í pariwo. Kì í bú èèyàn.
Omi tí wọ́n bá bù fún un, kò ní mu ún.
Kí oòrùn tó wọ̀, ẹnìkan á ti sáré lọ tu owó lẹ́yìnkùlé.

Èmi, bàálù ni mo tọ́jú, ọdún mẹ́tàlélógún.
Nígbà tó jẹ́ ti ìjọba, wọ́n ní ọ̀lẹ ni wá.
Ìjọba tà á fún aládàáni.
Àwọn olówó tuntun kun ìrù bàálù ní àwọ̀ òféfèé,
wọ́n gba máníjà mọ́kànlá lọ́jọ́ Ajé kan ṣoṣo:
ọ̀kan ń bójú tó àkókò,
ọ̀kan ń bójú tó ẹ̀rín àwọn ọmọge inú bàálù,
ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín,
ń bójú tó àwọn tó ń bójú tó nǹkan.
Àwa mẹkáníìkì jẹ́ mẹ́rìnlélógójì.
Wọ́n ní a pọ̀ jù.

Nọ́ọ̀tì kan, kò tó àtàǹpàkò ọmọ ìkókó,
ló já lẹ́sẹ̀ bàálù kan nígbà ọyẹ́.
Ìwé tí mo fi béèrè òmíràn gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ méje.
Ẹni kẹta wà nípàdé.
Ẹni kẹfà ti wọ bàálù ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ sí Dúbáì,
ó lọ kọ́ bí a ṣe ń dín ìnáwó kù.
Ogójì ọjọ́ ni bàálù náà fi jókòó,
adìẹ tó sàba lé òkúta.

Tọ́ọ̀ṣì inú gàréèjì kú, wọn ò ra òmíràn.
Mo mú tèmi wá.
Ṣàngódàre ará Ọ̀yọ́ nà mí níka sí imú:
"Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná,
ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko!"
A rẹ́rìn-ín lábẹ́ ikùn bàálù
títí omi fi bọ́ lójú wa.
Oṣù kejì, orúkọ àwa méjèèjì jáde.

Orí fóònù ni lẹ́tà mi gbà wá.
Wọ́n dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ "Ìyáàfin Fádùgbà".
Owó ìfẹ̀yìntì ń bọ̀, wọ́n ní.

Mo bá lọ ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wa.
Mo lóṣòó níwájú ilé onígíláàsì.
Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀, ó pa dé,
ó ṣí, ó pa dé, bí ẹnu ẹja,
ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ wọlé ni mí.
Ta ni mo lóṣòó tì gan-an?
Máníjà tó buwọ́ lu lẹ́tà ti lọ,
ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ò mọ̀ mí rí,
àwọn tó ra ilé iṣẹ́ náà ti tún un tà.
Bàbá mi àgbà mọ orúkọ ìyá gbogbo ajigbèsè rẹ̀.
Nígbà tó di ọ̀sán, ọlọ́dẹ bu omi fún mi.
Mo mu ún.

Ẹ̀rọ ata ni mo ń tún ṣe báyìí ní Òkèsà.
Lóru àná, fóònù dún.
Ọmọkùnrin kan, Mobọ́láńlé, oṣù mẹ́ta péré lẹ́nu iṣẹ́:
ẹlòmíràn ló fún un ní nọ́ńbà mi.
"Bàbá, ẹ́ńjìnnì yìí ń dún bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò."
Mo ní kó gbé fóònù sún mọ́ ọn.
Mo dákẹ́. Ewúrẹ́ aládùúgbò náà dákẹ́.
Mo sọ ibi tí yóò wò, apá òsì, ẹ̀yìn páìpù kékeré.
"Má jẹ́ kó gbéra."
Ó ní aago mẹ́fà ni máníjà fi sí.

Mo bi í bóyá ó ní tọ́ọ̀ṣì.
Ó ní, "Mo mú un wá láti ilé, sà."